Igbá Omi Àkọ́bù

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

N kò ní béèrè àlàáfíà yín. Ẹni tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ibà àti inú rírun. Àwa tó kù lókè ló yẹ kí ẹ máa béèrè. Mo jókòó sórí pẹpẹ iwájú ilé yín, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun àsárì, mo gbé ìwé lé itan, inú sì ń bí mi. Bí ẹ bá rí i pé ìwé mi wọ́, ìdí nìyẹn.

Ìyá mi ti dé ọ̀dọ̀ yín láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Ṣé wọ́n sọ ohun tó pa wọ́n fún yín? Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, wọn ò ní sọ. Wọ́n á ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Ìyá mi kì í fẹ́ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn yín, àgàgà ẹjọ́ Bàbá Ràsákì, àbúrò yín. Nítorí náà, èmi ni mo máa sọ ọ́. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá rí i pé mo ń pe Bàbá Ràsákì ní "ó" nínú lẹ́tà yìí. Ẹ kọ́ mi pé kí n máa kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣì ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, níbi tí kò sí ẹni tó ń wò mí, orúnkún mi kò fẹ́ tẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí Ibú Ẹlẹ́ja bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀? Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò bá gé, tí gbogbo rẹ̀ di yanrìn, Ibú nìkan ló máa ń kù fún wa. Omi rẹ̀ á dúdú lábẹ́ àwọn igi, gbogbo ìlú á sì máa mu ún títí òjò á fi padà dé. Ẹ̀yin ni Olódò. Ẹ̀yin lẹ máa ń dá ọjọ́ tí a ó pẹja, kí omi tó fà jù. Àwọn ọmọdé á já ewé tí a fi ń pẹja lẹ́bàá odò, àwọn obìnrin á gún un nínú odó, àwọn ọkùnrin á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ sínú omi. Ẹja á yó bí ẹni mutí, wọ́n á léfòó, wọ́n á máa fi ikùn funfun yí kiri. Àwọn ńláńlá la máa ń kó. Àwọn kéékèèké á tún jí, wọ́n á sá wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ máa pín ẹja náà kárí ilé, ẹ kì í yọ ilé opó sílẹ̀. Orí ẹja tó bá kan ilé wa, ẹ máa ń gbé e fún mi, Ìyá mi á ní ẹ ti bà mí jẹ́, pé ilé ọkọ wo ni wọ́n ti ń gbé orí ẹja fún ìyàwó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sí ilé ọkọ náà.

Lẹ́yìn ìpẹja, ẹ máa kéde pé kí ẹnikẹ́ni má bu omi Ibú mu títí ọjọ́ ọjà kan á fi kọjá. Omi tí a ti pọn pamọ́ sínú ìkòkò la máa ń mu. Tí ọjà bá ti kọjá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, láìwọ bàtà. Ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú omi, ẹ máa ní Bisimilahi, ẹ máa bu igbá omi àkọ́bù. Ẹ máa gbé ẹnu kan, ẹ máa tu ú sínú igbó, ẹ máa dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, lẹ́yìn náà ẹ máa gbé ìyókù mu tán níṣojú gbogbo wa. Ìgbà tí ẹ bá nu ẹnu yín tán ni àwa tó kù tó lè ti agbè bọ omi. Bí ikú bá wà nínú omi náà, Olódò ni yóò kọ́kọ́ pa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀rù máa ń bà mí lọ́jọ́ náà. Mo máa ń wo ọ̀fun yín bí ó ṣe ń lọ sókè sódò.

Lọ́dún tí sòbìyà mú yín lẹ́sẹ̀, ẹ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kan omi rárá. Ẹ jókòó sórí òkúta, ẹ na ẹsẹ̀ tí ẹ fi àkísà dì, Ìyá mi ló bu omi náà wá bá yín. Ẹ ń pariwo mọ́ gbogbo ẹni tó ní egbò pé kí wọ́n jìnnà sí Ibú, ẹ sì ń pariwo mọ́ ẹsẹ̀ tiyín náà. Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ yẹn. Báyìí ni mo wá mọ̀ pé ìlú tó rí Olódò tó ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jà, ìlú náà ríre.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, Bàbá. Ẹ fi òfin sílẹ̀ fún wa, ẹ kò fi ìdí òfin sílẹ̀. Ẹ ní kí ọjà kan kọjá, ó parí. Ta ni ẹ sọ fún pé ewé nìkan ni òfin yẹn mọ̀? Ta ni ẹ sọ fún pé ewé máa ń rà nínú omi, pé agbára rẹ̀ máa ń lọ, pé ohun tí kò bá rà kò sí lábẹ́ òfin yẹn? Bóyá ẹ rò pé kò yẹ kí ènìyàn máa ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n. 

Tábà ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Ìṣojú yín ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i nígbà tí àwọn èèyàn ń ro oko tábà bọ̀ lẹ́bàá odò, ẹ sì ń sọ pé ilẹ̀ náà sún mọ́ omi jù. Lẹ́yìn tí ẹ kú, ta ló tún fẹ́ sọ ọ́? Bàbá Ràsákì di Olódò, òun náà ló sì ni oko tábà tó tóbi jù. Wọ́n ro ilẹ̀ náà dé etí omi, gbogbo ewé tí a fi ń pẹja bá a lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ pe ìpẹja, a wá ewé náà títí lọ sí ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, ìwọ̀nba tí a rí kò pa ju àwọn ẹja ọ̀lẹ lọ. Àwọn ènìyàn ń rojọ́ pé láyé Olódò àtijọ́, ẹja kì í wọ́n báyìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ fọ ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fọ́n oògùn sí tábà. Odò ló ti fọ̀ ọ́. Ó rí ẹja tó léfòó, ó rò pé Ọlọ́run ló fi ewé mìíràn han òun. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn èṣí dé, kò rán ọmọdé kankan lọ já ewé. Agolo oògùn tábà ló gbé wá, èyí tí wọ́n ya agbárí òkú sí lára. Àwọn ènìyàn ń fi agbárí náà ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní oògùn tó bá ní orí òkú lára, ó ní láti lágbára. Ó sì lágbára lóòótọ́. Ẹja kò yó, ẹja kú. Ńlá kú, kékeré kú. Akàn ń gun òkè wá sórí iyanrìn bí ẹni tí iná ń lé, ọ̀pọ̀lọ́ na ẹsẹ̀ gbalaja. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀, nítorí ẹja pọ̀ ju ti ayé yín lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wá láti Ìṣẹ́yìn, ó kó èyí tó dára jù lọ níbẹ̀. Ilé opó kò rí nǹkan kan gbà, ilé tiwa náà wà lára ilé opó.

Ó kéde pé kí a dúró kí ọjà kan kọjá. Òfin yín ni, Bàbá. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tó yí padà. Mo ti dé láti ilé ọkọ mi nítorí ìpẹja, èmi àti Ṣẹ̀fíátù ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi, gbogbo ìlú pé síbẹ̀ pẹ̀lú agbè àti korobá. Bàbá Ràsákì bu igbá omi àkọ́bù, kò gbé e sẹ́nu. Ó gbé e wá síwájú Ìyá mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lọlá yìí tọ́ sí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà láyé, àwọn ni wọn ì bá mu ún. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi." Àwọn ènìyàn ní háà, ó mọ ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá mi tún ìborùn wọn wé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́." Inú wọn dùn, Bàbá. Láti ìgbà fìdáù yín, mi ò tíì rí i kí inú wọn dùn bẹ́ẹ̀. Ẹnu àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin máa ń tu sínú igbó, Ìyá mi kò tu ú. Wọ́n rò pé àfojúdi ni kí ènìyàn tu ohun ọlá tí wọ́n fi fún un. Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì da igbá dé kí gbogbo ayé lè rí i pé wọn ò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, itọ́ ti ń dà lẹ́nu wọn, wọn ò lè gbé e mì. Ojú wọn ń ṣomi. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹran ara ń fò pì pì pì lábẹ́ awọ, ọwọ́ wọn ká, eyín wọn pa dé. Mo di orí wọn mú lé àyà mi. Wọ́n ń wò mí, wọn ò lè sọ̀rọ̀. A ti gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ pé ká máa lọ sí díspẹ́ńsárì nígbà tí wọ́n dákẹ́. Àwọn tó ti mu omi tẹ̀lé wọn ń bì káàkiri ìlú, ọmọ télọ̀ ojúde wa náà kú. Ewúrẹ́ kú, pẹ́pẹ́yẹ kú. Àwọn tí kò kú ń họra títí òjò fi dé.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ní ó jẹ́? Onígbáméjì. Ẹni tó wà ní díspẹ́ńsárì kò wo ẹnikẹ́ni dáadáa, ó gbọ́ pé èébì wà, ó ní onígbáméjì ni, ìlú sì gbà á, nítorí onígbáméjì kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí a ó bá jà lé e lórí. Wolé-wolé dé lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń yọjú sínú ìkòkò wa láti ilé dé ilé, ó rí tanwíjí nínú ìkòkò Ìyá mi, ó bú wa, ó sì da gbogbo omi náà nù. Omi tí Ìyá mi ti pọn pamọ́ kí wọ́n tó da oògùn sí Ibú nìyẹn, òun nìkan ni omi rere tó kù nínú ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ wo Ibú. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó ní ọ̀nà jìn.

Gbogbo ènìyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bàbá Ràsákì sunkún lórí sàréè ju èmi lọ. Òun ló ra àgbò fìdáù. Ẹni tó da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò yín da oògùn síwájú, àwa la tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ dárí jì í. Mo ní kò mọ̀ ni. Mo ní ó tẹ̀lé òfin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ibi tí òye rẹ̀ mọ. Ẹni tí kò mọ̀, kí ni ènìyàn fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà: kí ló dé tí kò fi mu ún? Ẹ̀yin tí ẹ jọ mu ọmú kan náà, kí lẹ rò?

Ọkọ mi gbà kí n wá máa gbé ilé yín, kí ilẹ̀kùn má baà tì. Ibẹ̀ ni mo wà tí sójà fi tún gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Àwọn olóṣèlú náà ti gbẹ́ ilẹ̀ ojúde wa kí wọ́n tó lọ, wọ́n ri páìpù, wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ omi kan dúró síbẹ̀, a jó, a yọ̀. Omi kò wá rí. Ewúrẹ́ ló ń fi ara họ ọ́. Sójà ní kí a máa gbálẹ̀ àyíká, a ń gbá a, ìta wa mọ́ tónítóní, inú wa nìkan ni kò mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tọdún yìí dé, mo rí i tó tún ń gbé agolo jáde. Mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀, mo ní òfin ọjà kan, òfin ewé ni, kì í ṣe òfin oògùn tábà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìwọ náà ti di dókítà ni? Ewé ni, oògùn ni, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ẹja. Onígbáméjì ló pa ìyá rẹ. Lọ jókòó sílé." Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó da oògùn náà. Ẹja tó pa lọ́tẹ̀ yìí kò kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, nítorí èyí tí ìbá bí mọ́ ti kú léṣìí. Ọjà kọjá. Ìlú tún pé sí etí Ibú pẹ̀lú agbè. Ó wọ bàtà rọ́bà tó fi ń ṣiṣẹ́ oko tábà, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó bu igbá omi, ó wò káàkiri títí ó fi rí mi. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ síwájú. Ipò ìyá rẹ ṣófo, ìwọ ni obìnrin ilé Olódò báyìí."

Mo bọ́ síwájú. Mo gba igbá náà tọwọ́tẹsẹ̀, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo gbé e sókè sí i, mo ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin ni Olódò. Ọmọ kì í ṣáájú bàbá mu. Ẹ kọ́kọ́ bá mi fẹnu kàn án, kí n mu ìyókù." Kò sí ẹni tó lè bá mi wí. Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un.

Bàbá, ó wo inú igbá náà. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó mu ún. Ẹ gbà mí gbọ́. N kò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kó nawọ́ gbà á láìronú, kó gbé e sẹ́nu bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kí èmi wá fò mọ́ igbá náà kí n gbá a dànù, kí n sì dárí jì í dé inú eegun mi. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá.

Ó ní, "Mo gba ààwẹ̀."

Obì pupa fòò létè rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́.

 Mo da omi náà sílẹ̀, mo fi igbá sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dìde. Àwọn obìnrin kan yí agbè wọn dé, wọ́n ń lọ sílé láìwẹ̀yìn. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ ìtìjú ẹnikẹ́ni, òùngbẹ ọmọ kò sì gbọ́ ẹjọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà lọ pọn ọ́n, wọ́n ń sè é, wọ́n ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, bí ẹni pé oògùn tábà ní ìdọ̀tí tí aṣọ lè mú. N kò bá wọn wí. Èmi àti Ṣẹ̀fíátù ń lọ gbẹ́ yanrìn odò lókè réré, níbi tí kò tíì sí oko tábà, a ń dúró kí omi máa sun díẹ̀díẹ̀ títí korobá á fi kún. Ọmọ náà ti ń kó ìṣírò ilé-ìwé rẹ̀ lọ ṣe níbẹ̀.

Bàbá Ràsákì ṣì ni Olódò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó wà ní sàfù iwájú ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Nígbà tó ń kọjá níwájú ilé yín, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn, kò wo ojú mi.

Ó mọ̀, Bàbá. Bóyá kò mọ̀ pé yóò pa ènìyàn, bóyá iyèméjì lásán ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ débi pé kò fi ẹnu ara rẹ̀ dán an wò, ó sì wá ẹnu opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí yóò fi dán an wò. Mo ti rí ìdáhùn mi, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Ẹ̀yin ni mo rí sọ fún.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún Ìyá mi. Wọ́n mu omi yẹn pẹ̀lú ayọ̀, wọ́n sì ṣàdúrà fún un kí wọ́n tó mu ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ọlá ni.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń bínú sí yín,
láti orí pẹpẹ iwájú ilé yín.